Àkísà Pupa Ẹnu Tọ́bò

Oṣù tó kọjá ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Odigbo ní kí n wá bá àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́. Mo wọ aṣọ, mo lọ. Mo sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì rí i pé ìdajì wọn ń wo fóònù, ìdajì yòókù ń wo bàtà mi. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló nawọ́, Bùkọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló le jù nínú iṣẹ́ tí ẹ ṣe?" Mo dá a lóhùn pé gbígbé ẹ́ńjìnnì tìrélà ni, pé òun ló ba ìbàdí mi jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún mi ní ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan, mo sì wá sílé.

Irọ́ ni mo pa fún ọmọ yẹn. Ìbàdí ń dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tìrélà ló le jù. Ohun tó le jù kò wúwo rárá, ọmọ ọwọ́ lè gbé e. Láti ọjọ́ náà ni ìdáhùn mi ti ń yọ mí lẹ́nu, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Bùkọ́lá, ìwọ ni mò ń kọ ọ́ sí, àmọ́ kí àwọn tó ń wo fóònù náà bá wa gbọ́.

Fọlárànmí lorúkọ tí bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n bí o bá béèrè Fọlárànmí ní Ore, wọn yóò ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Baba Tọ́bò ni kí o béèrè. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi ń dáko kòkó ní Odigbo, ọkọ̀ tó wá kó kòkó rẹ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, mo bá mẹkáníìkì tó wá tún un ṣe di tọ́ọ̀ṣì mú, mi ò sì fẹ́ padà sóko mọ́. Ohun tí wọ́n san kí n tó kọ́ṣẹ́, àti ohun tí mò ń gbà lẹ́yìn ìgbà náà, kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó sì tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Mẹkáníìkì tí mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún yẹn ni Ọ̀gá Rájí. Ọmọ Ìlọrin ni, Mùsùlùmí tí kì í jẹ́ kí ìrun kan yẹ̀. Ó ti pẹ́ ní Ore débi pé ó ń fi èdè Ìkálẹ̀ nájà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi máa ń ní Ìkálẹ̀ Ọ̀gá Rájí dà bíi ti ẹni tó ki iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀ tó lọ sí Bìní, níbi tí àwọn tìrélà ti máa ń dúró jẹun. Fìlà funfun kan ló máa ń dé. Ní gbogbo ọdún mẹ́fà tí mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò rí gírísì lára fìlà yẹn rí. Mo ṣọ́ ọ títí kí n lè mọ bó ṣe ń ṣe é, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá Rájí kì í pariwo, kì í sì í na ọmọ iṣẹ́. Ì bá sàn kó máa nà wá. Bí iṣẹ́ rẹ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò jókòó lórí àpótí onígi rẹ̀, yóò tú gbogbo ohun tí o ti ń dè láti àárọ̀, nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, yóò tò wọ́n sílẹ̀, yóò wá na sípánà sí ọ. Kò ní sọ ibi tí àṣìṣe wà. Ìwọ ni kí o wá a. Ọjọ́ kan wà tó tú iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó tú u lẹ́ẹ̀kẹta, mo bú sẹ́kún níwájú àwọn dírẹ́bà tó ń jẹun. Ó dúró títí mo fi sunkún tán, ó sì na sípánà sí mi.

Odidi ọdún kan ni mo fi ń fi dísẹ́ẹ̀lì fọ páátì ọkọ̀ kí n tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò ní kí a kọ ẹ̀yìn sí àpótí irinṣẹ́, yóò pe nọ́ńbà, a óò fọwọ́ wá sípánà náà láì wò ó. Ó ní ojú lè purọ́ fún ènìyàn lábẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í purọ́. Skrúdíráfà gígùn kan ló fi ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Yóò fi ẹnu rẹ̀ kan irin, yóò fi ìdí rẹ̀ sí etí, yóò dijú, yóò ní ṣílíńdà kẹta ń ráhùn. Bí a bá sì tú u, ṣílíńdà kẹta náà ni.

Nígbà náà ni ọkọ̀ oní-tọ́bò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Tọ́bò jẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Abẹ̀bẹ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀ lórí irin kan náà. Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan, èkejì a máa fa atẹ́gùn láti ìta, a máa kì í sí ẹ́ńjìnnì lọ́fun kí ó lè lágbára ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Páìpù tí atẹ́gùn náà ń gbà wọlé, tí fíltà wà lórí rẹ̀ kí eruku má baà wọlé, imú ni à ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Abẹ̀bẹ̀ yẹn ń yára yí débi pé iyanrìn lásán lè jẹ ẹ́. Bí nọ́ọ̀tì kékeré kan bá bọ́ sínú rẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nítorí èyí, nígbàkigbà tí a bá tú imú ọkọ̀, a gbọ́dọ̀ fi àkísà dí ẹnu tọ́bò. Gbogbo mẹkáníìkì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Rájí ní àṣà tirẹ̀. Àkísà tirẹ̀ jẹ́ aṣọ pupa tó gùn ju ènìyàn lọ. A óò ki orí kan sẹ́nu tọ́bò, a óò fa orí kejì gba abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì jáde, a óò fà á gba fèrèsé wọlé, a óò sì so ó mọ́ síárìn tí dírẹ́bà ń dì mú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣíná sí ọkọ̀ náà ní láti kọ́kọ́ pàdé aṣọ pupa. Bí iṣẹ́ bá ń parí lọ, ẹni tó gbé ọkọ̀ wá ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tú u kúrò lára síárìn, mẹkáníìkì yóò sì fa orí kejì jáde níṣojú rẹ̀ kí a tó de páìpù. Ọ̀gá Rájí máa ń sọ pé, "Àkísà kì í sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìrù rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà níta."

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ṣàngó là ń bọ. Ojú máa ń tì mí. Lọ́jọ́ tí mo ráhùn sí ọ̀gá, ó wo àkísà náà, ó wo ṣòkòtò tuntun tí mo wọ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ẹ̀rín ni mo sì fi gbọ́ ọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, wọ́n gbàdúrà fún mi, mo gba òmìnira, mo sì dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ ní ọ̀nà tó ti Ore lọ sí Odigbo. Ọ̀gá Rájí gé ìdajì aṣọ pupa rẹ̀ fún mi. Ọ̀pọ̀ ohun ló yí padà lójú mi láti ìgbà náà. Skrúdíráfà etí di kọ̀ǹpútà kékeré tí à ń ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ síárìn kí ó sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Mi ò bá a ṣọ̀tá. Mo rà á, mo sì kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn tí mo lè bí lọ́mọ. Àmọ́ kọ̀ǹpútà yóò ní atẹ́gùn kò tó, kò ní sọ fún ọ pé kílíìpù kan tó di páìpù mú ló tú. Ọwọ́ ni yóò bá ọ wá kílíìpù.

Ọkọ̀ àwọn tó ń lọ yẹ ọ̀dà tí à ń fi ṣe títì wò nínú ilẹ̀ Agbabu ni mo fi mọ eruku dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti ń fọ páátì ni wọ́n ti ń wá, wọn a bu ọ̀dà díẹ̀ sínú ìgò, wọn a lọ. Ọ̀dà ṣì wà níbẹ̀. Eruku tí mo gbọ̀n kúrò nínú fíltà wọn tó láti fi mọ ilé.

Ìgbà tó yá ni imú tuntun dé. Àwọn dírẹ́bà tó ń sáré lójú ọ̀nà Bìní kò fẹ́ imú tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ mọ́. Páìpù dídán ni wọ́n ń fẹ́, pẹ̀lú fíltà tó rí ṣónṣó bí òkòtó, kí ọkọ̀ lè máa mí dáadáa, kí tọ́bò sì máa súfèé. Mo kọ́kọ́ ní fáàrí lásán ni. Nígbà tó yá mo rí i pé bí a bá ṣe é dáadáa, ọkọ̀ a máa gun òkè láì ráhùn. Bùkọ́lá, bó o bá máa ṣe é, má ṣe gbé fíltà náà sísàlẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ tutù, torí lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ tí kòtò títì kún, omi ni ẹ́ńjìnnì yóò fà mu. Má sì gbé e súnmọ́ ibi tó gbóná. Ọ́ìlì tí à ń fi pa fíltà rẹ̀, bíńtín ni, bó bá pọ̀ yóò ba ojú tí kọ̀ǹpútà fi ń ka atẹ́gùn jẹ́. Kílíìpù náà, fẹ̀sọ̀ dè é. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo mọ gbogbo èyí ní àmọ̀dunjú. Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n mi.

Émékà ló ń ta imú tuntun náà. Ìgbò ni, ṣùgbọ́n Ore ni wọ́n bí i sí, Ìkálẹ̀ rẹ̀ sì dán ju ti Ọ̀gá Rájí lọ fíìfíì. Ìsọ̀ rẹ̀ fara ti ọgbà ṣọ́ọ̀bù mi. Ọdún mẹ́sàn-án la fi ń jẹun nínú abọ́ kan náà lọ́sàn-án. Kò sí páátì tí kì í yẹ̀ wò kó tó tà á, ó sì máa ń dá ayédèrú padà fún ẹni tó tà á fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò pàdánù owó ọkọ̀. Ọ̀gá Rájí náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Lójoojúmọ́ ni yóò gbé àpótí rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, yóò jókòó, yóò máa wo ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Sùlè gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ wá. Sùlè ń na Ore sí Bìní, bọ́ọ̀sì yẹn nìkan ló sì ní. Ó ti ra imú tuntun lọ́wọ́ Émékà, ó ní kí n bá òun fi sí i kíákíá, torí pé ó fẹ́ lọ kó èrò ní gáréèjì. Ọ̀gá Rájí ti lọ kírun. Mo tú imú àtijọ́, mo na ọwọ́ sí aṣọ pupa, kò sí níbẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó ń kán tótó lórí okùn. Aṣọ tútù kì í wọ ẹnu tọ́bò. Ó yẹ kí n ní kí Sùlè dúró kí aṣọ náà gbẹ. Àmọ́ ó ti ń kì mí ní Baba Tọ́bò, Baba Tọ́bò, orí mi sì ti wú. Mo mú ọ̀rá funfun tí wọ́n fi di fíltà náà, mo rún un, mo kì í sẹ́nu tọ́bò. Mo ní lọ́kàn mi pé ta ló máa kọ́ mi níṣẹ́ mi. Ọ̀rá yẹn kò ní ìrù.

Mo wọn páìpù, mo gbé fíltà sí òkè níbi tí omi kò lè dé, mo fẹ̀sọ̀ de gbogbo kílíìpù. Iṣẹ́ náà wuyì lójú. Sùlè ṣíná, ó dún dáadáa, nítorí ọkọ̀ tó dúró kì í fa atẹ́gùn púpọ̀. Ó juwọ́ sí mi, ó lọ.

Kò tó wákàtí kan tó fi padà dé pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Ó ní bí òun ṣe kúrò ní Ore tí òun tẹná mọ́ ọn, nǹkan ń ha bí ẹni ń fi irin ha ìdí ìkòkò. Ọ̀gá Rájí ti ti mọ́ṣáláṣí dé, ó wà lórí àpótí rẹ̀. Bí Sùlè ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ẹ́ńjìnnì gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀. Sùlè yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e sókè kí n rí i. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ń ké lọ, ó ń gbóhùn sí i, èéfín funfun sì bo gbogbo ọgbà. Abẹ̀bẹ̀ tọ́bò ti fọ́, ohun tó ń dá ọ́ìlì dúró ti já, ẹ́ńjìnnì ti ń jó ọ́ìlì ara rẹ̀. Bó bá ti dà bẹ́ẹ̀, kò sí kọ́kọ́rọ́ tó lè pa á. Àfi kí a dí i nímú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa sáré títí yóò fi fọ́ sára àwọn ènìyàn.

Àwọn èrò ń bẹ́ gba fèrèsé. Sùlè gbé ìyá arúgbó kan jáde lẹ́yìn. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ní Ore, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbéra. Ìgbà yẹn gan-an ni mo rántí ọ̀rá. Ọ̀gá Rájí dìde, ó gbé àpótí tó jókòó lé, ó wọ inú èéfín. Kò sáré. Ó fa fíltà tuntun yọ, ó sì fi ojú àpótí náà lu ẹnu páìpù pa, ó fi gbogbo ara tì í. Ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, ó wú ikọ́, ó kú. Nígbà tí baba jáde, gírísì wà lára fìlà rẹ̀.

Sùlè bi mí pé kí ló fà á. Émékà ti dúró lẹ́bàá ọgbà, ó ń wò wá. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi. Báwo ni Baba Tọ́bò ṣe máa sọ pé òun ba tọ́bò jẹ́? Mo la ẹnu, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Fíltà yẹn ni. Ayédèrú ni."

Ọ̀gá Rájí ti tẹ̀ síwájú ẹ́ńjìnnì, ó ti fa páìpù yọ, ó ti ki ìka sínú tọ́bò. Mo rí i tó fa nǹkan funfun kan yọ. Ó wò ó, ó wò mí, ó fi í sápò. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ sílé. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Kò wá lọ́jọ́ kẹta.

Ọ̀rọ̀ máa ń yára ní gáréèjì ju ọkọ̀ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, gbogbo dírẹ́bà ti gbọ́ pé Émékà ń ta ayédèrú, wọn kò sì dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀ mọ́. Mo tún bọ́ọ̀sì Sùlè ṣe láì gba kọ́bọ̀. Ẹ̀rí ọkàn ló ń lé mi, àmọ́ wọ́n ní mo láàánú, wọ́n ń yìn mí. Ìyìn yẹn ló dùn mí jù. Émékà ṣì ń pè mí jẹun lọ́sàn-án. Mo máa ń ní mo ti yó.

Mo lọ kí Ọ̀gá Rájí nílé. Ó fún mi lómi, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè kòkó bàbá mi. Kò dárúkọ tọ́bò. Nígbà tí mo dìde, mo bi í pé ìgbà wo ni ó máa padà wá jókòó lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Mò ń dúró ni." Mo ṣe bí ẹni pé kò yé mi.

Oṣù méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Émékà gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Gbogbo ẹrù ìsọ̀ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun ń kó lọ sí Òkìtìpupa, pé Ore ti sú òun. Ó ní, "Ọ̀gá Fọlá, ẹ bá mi yẹ ẹ́ńjìnnì yìí wò kí n tó lọ. Mi ò lè gbé e fún ẹlòmíràn." Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi orí mi pamọ́ síbẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Mo ti dá gbogbo fíltà yẹn padà fún ẹni tó tà wọ́n fún mi. Mo yẹ̀ wọ́n wò títí, mi ò rí àléébù. Àmọ́ ẹ má bínú, ọ̀gá, pé mo fi ohun burúkú sí yín lọ́wọ́."

Ó ń bẹ̀ mí. Ẹni tí mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ló ń bẹ̀ mí.

Sípánà wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e sílẹ̀. Mo ní, "Émékà, kì í ṣe fíltà rẹ. Èmi ni. Mo gbàgbé ọ̀rá sẹ́nu tọ́bò."

Bùkọ́lá, òun nìyẹn. Òun ló le jù nínú iṣẹ́ mi. Kò gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú láti sọ, ó sì ti gba oṣù méjì lọ́wọ́ mi.

Émékà fúnra rẹ̀ ló pa bọ́nẹ́ẹ̀tì náà dé. Ó wá ní, "Kì í ṣe etí mi lẹ ti ba orúkọ mi jẹ́." Mo mọ ohun tó ń wí. A jọ rìn lọ sí gáréèjì, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Mo sọ ọ́ fún àwọn dírẹ́bà níbẹ̀, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé àwọn kan ní àwọn kò gbọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹnì kan tutọ́ sílẹ̀. Dírẹ́bà àgbàlagbà kan bi mí pé kí ló dé tí mo fi jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, àmọ́ wọn kì í sọ ohun tí irọ́ náà ti jẹ kí òtítọ́ tó dé. Sùlè wò mí, ó yí padà lọ.

Émékà lọ sí Òkìtìpupa síbẹ̀síbẹ̀. Ó ti gba ìsọ̀ níbẹ̀, ó ti fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílé ìwé. Mo rò pé òtítọ́ mi yóò dá a dúró, kò dá a dúró.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Rájí gbé àpótí rẹ̀ dé. Ojú páìpù ti tẹ̀ sára igi rẹ̀ róbótó. Ó jókòó, ó yọ ọ̀rá jíjá yẹn lápò, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ìrù àkísà tìrẹ ni. Bí mo bá bá ọ fà á, yóò jáde, ṣùgbọ́n ìwọ kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń fà á." Kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí tó fi lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Àpótí náà wà nílé mi.

Iṣẹ́ mi lọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó tó ọdún méjì tí Sùlè kò gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn mìíràn padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá nítorí pé mo sọ òótọ́, bóyá nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ tọ́bò. Mi ò béèrè. Aṣọ pupa ọwọ́ mi ti gbó débi pé ó ń já, mi ò sì fẹ́ ra tuntun, torí ọwọ́ Ọ̀gá Rájí ló ti wá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo gbọ́ ohùn bọ́ọ̀sì tí mo mọ̀. Sùlè sọ̀ kalẹ̀, ó kí mi jẹ́jẹ́, ó gbé páálí kan jáde. Ó ní òun lọ ra imú tuntun ní Òkìtìpupa, lọ́wọ́ Émékà, àti pé Émékà kọ̀ láti tà á fún òun àfi bí òun bá ṣèlérí pé Baba Tọ́bò ni yóò fi í sí i. Mo gba páálí náà. Nǹkan pupa kan yọ lẹ́nu rẹ̀, ó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ṣí i. Kò sí ọ̀rá níbẹ̀. Aṣọ pupa tuntun ni Émékà fi di fíltà náà, ó sì fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀ síta.

Sùlè ní, "Ó ní kí n bi yín bóyá ó gùn tó."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kó máa bọ́. Lẹ́yìn náà mo tú imú àtijọ́ kúrò. Mo ki orí aṣọ náà kan sẹ́nu tọ́bò, mo fún Sùlè ní orí kejì, ó sì lọ so ó mọ́ síárìn.